Ẹ̀rọ ìfọbọ́ wo ló lè bá omi àti iná ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mu?

Màmá Ìbejì · Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí a tó náwó.

Agbègbè Under G ni a ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ènìyàn mẹ́jọ la wà nínú ilé: èmi àti bàbá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ mi, àti àbúrò mi tó ń kàwé ní LAUTECH. Abọ́ kì í tán nílẹ̀ wa. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ọwọ́ mi ti ń bó. Àárín ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọṣẹ bá kàn án báyìí, ńṣe ló ń ta mí títí dé ọrùn ọwọ́. Dókítà ní kí n yé ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àmọ́ ọwọ́ ń làágùn nínú rẹ̀, ó tún wá ń yún mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ti kó owó kan jọ, ó ní ká ra ẹ̀rọ ìfọbọ́. Ó rí ńlá kan ní Ìbàdàn tó ń gba abọ́ ènìyàn 14, ó sì rí kékeré kan tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Bọ́hólù la ní. Orí irin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ni táǹkì wa wà. Iná ń wá, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó lè di haafu kọ́rẹ́ǹtì. Jẹnẹrétọ̀ wa kékeré ni. Oúnjẹ wa ni ẹ mọ̀: àmàlà, ẹwédú, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ elépo. Èwo ni ká rà? Ṣé ó tilẹ̀ lè fọ ìkòkò àmàlà?

Bàbá Alákọ̀wé · Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ ọwọ́ o. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bẹ nínú ilé, kí ló dé tí wọn kò lè fọ abọ́? Ní ilé tí mo ti dàgbà ní Ọ̀yọ́, ẹni tó bá jẹun ló ń fọ abọ́ rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn san owó ilé ìwé.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba · Ọjọ́ Ajé, 7:41 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bó ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sí kíláàsì, abọ́ àárọ̀ á sì wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù ayé òde òní. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Josephine Cochrane ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní 1886.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lò ó ní Manchester kí n tó padà wálé. Màmá Ìbejì, ńlá ni kí ẹ rà, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ máa to abọ́ sínú rẹ̀ láti àárọ̀, kí ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan péré lálẹ́. Lítà omi bíi 10 sí 14 ló ń lò fún gbogbo ẹ̀. Ẹ ka iye korobá tí ẹ ń fi ṣan abọ́ ènìyàn mẹ́jọ lójúmọ́, ẹ ó rí i pé omi tí ẹ̀rọ ń lò kò tó nǹkan.

Ọmọ Ògbó · Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o sínú ẹ̀rọ. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba · Ọjọ́ Ajé, 8:11 àárọ̀

Rárá o. Fífọ̀ kọ́, nínù ni. Ẹ fi ṣíbí gbá eegun àti àjẹkù dànù, ó tán.

Pọ́lọ́mbà Sábó · Ọjọ́ Ajé, 9:36 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa Manchester, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún páìpù ìjọba ló ń ti omi wá, agbára sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbí, táǹkì ló ń tú u sílẹ̀ láti òkè. Iṣẹ́ pọ́lọ́mbà ni mò ń ṣe, mo ti so ẹ̀rọ yìí fún ilé mẹ́fà nínú ìlú yìí. Mẹ́ta nínú wọn ló pè mí padà, omi ló sì fà á ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Màmá Ìbejì. Bí ìsàlẹ̀ táǹkì bá fi mítà 10 ga ju ibi tí omi ti ń wọ ẹ̀rọ, agbára omi yẹn jẹ́ bar kan (bar ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Mítà kan, bar 0.1. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ mítà 3. Ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti fi bí ààbọ̀ mítà ga sílẹ̀. Ó ku mítà 2.5, ìyẹn bar 0.25. Àwọn ẹ̀rọ kan ń béèrè bar 0.3, àwọn mìíràn 0.5, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nítorí náà, bí táǹkì yín ṣe wà yìí, kò tó èyí tó kéré jù.

Ẹ̀rọ yìí kì í ní sùúrù omi. Ó ń ka ìṣẹ́jú. Bí ìṣẹ́jú tó dá bá pé tí omi kò tíì dé ibi tó yẹ, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò máa ké, iná pupa yóò sì máa tàn lójú rẹ̀. Ilé kan wà lápá Tákíè, ìyá náà ti di ẹ̀rọ padà sínú páálí, ó ní wọ́n ta èyí tó ti bàjẹ́ fún òun. Mo tú rọ́bà omi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo ki ẹnu rọ́bà bọ korobá. Omi tó ń jáde kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Mo fi hàn án. A bu pàǹtírí jáde lẹ́nu asẹ́ kékeré tó wà níbi tí rọ́bà ti wọ ẹ̀rọ, a gbé táǹkì sókè, títí di òní kò ké mọ́.

Ẹ ṣe èyí lónìí: ẹ gbé korobá lítà 10 sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, ẹ ṣí i dé òpin, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Bosch, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ti yín bá lé díẹ̀, ó lè gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ gbé táǹkì dé ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹ lè ní bar 0.55. Tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù kékeré tí ń ti omi sí ìdí táǹkì.

Ọmọ Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 12:14 ọ̀sán

Kí ni wọ́n ń gbé táǹkì kiri fún? Ti orí tábìlì ni èmi ń lò ní Ọ̀yọ́, lápá Òwòdé, ó ti lé ní ọdún méjì. Kò sí páìpù kankan tó so mọ́ ọn. Jọ́ọ̀gì ni mo fi ń bu lítà omi 5 sí i láti òkè, tó bá kún á ké, mo tẹ bọ́tìnnì, ó bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà omi ìdọ̀tí rẹ̀, mo na án sínú síńkì. Kò bìkítà bóyá táǹkì ga tàbí kò ga. Bọ́hólù wa bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà kan, omi kànga ni mo ń sẹ́ sínú rẹ̀, ó ṣì ń fọ̀.

Ní ti pọ́ǹpù tí Pọ́lọ́mbà sọ, ìnáwó lórí ìnáwó ni. Òun náà ń jẹ iná.

Pọ́lọ́mbà Sábó · Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Bí kò bá sí iná, ẹ̀rọ ìfọbọ́ fúnra rẹ̀ kò ní í ṣiṣẹ́, nítorí náà iná pọ́ǹpù kì í ṣe ìṣòro. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín pé fún ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan páìpù rárá, ti orí tábìlì ló rọrùn jù.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba · Ọjọ́ Ajé, 12:52 ọ̀sán

Ọmọ Aláàfin, àbúrò mi, ẹni mélòó lẹ wà nínú ilé?

Ọmọ Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 1:03 ọ̀sán

Èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ kan, mà. Òótọ́ ni pé àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán kì í fẹ́ dúró nínú rẹ̀, mo máa ń dà á ní ẹ̀gbẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ kò lè wọlé rárá. Fún ènìyàn mẹ́jọ, ẹ ó tàn án bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mi ò rò ó débẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Rìwáyà Tákíè · Ọjọ́ Ajé, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ti sọ ti omi tó, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná.

Ẹ̀rọ ńlá ń fa nǹkan bí wọ́ọ̀tì 2,000 sí 2,400 nígbà tó bá ń mú omi gbóná. Kì í fa á jálẹ̀, ó máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń ṣan ìgbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tó láti ba nǹkan jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó kilowáàtì kan kò lè gbé e, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ẹ má so ó mọ́ extension tí fíríìjì àti kẹ́tùlù ti wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti inú àpótí tó ń pín iná ilé, kí wọ́n sì fa wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, torí omi àti iná ló pàdé nínú ẹ̀rọ yìí.

Ní ti haafu kọ́rẹ́ǹtì. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí iná bá wálẹ̀ láti fóltì 230 sí 160, ooru náà kàn dín díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru irin tó ń mú omi gbóná máa ń dín ju ìdajì lọ. Ẹ̀rọ á máa dúró de omi tí kò gbóná, iṣẹ́ wákàtí méjì á di mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítábíláísà 5kVA ni kí ẹ fi ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì máa tàn án lọ́wọ́ ọ̀sán tàbí ní òru, nígbà tí àdúgbò kò fa iná púpọ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rántí ibi tí wọ́n dé, wọ́n á tẹ̀ síwájú tí iná bá dé. Ẹ má kàn yára ṣí ilẹ̀kùn, omi inú rẹ̀ lè bó ènìyàn lára.

Ní ti owó, ẹ fi ọkàn sí nǹkan bíi yúníìtì kan fún ìfọ̀ kan. Fún ẹni tó wà lórí Band A lọ́dọ̀ IBEDC, ìyẹn lé ní 200 náírà.

Ọláìtán · Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ má dà á sínú rẹ̀ láéláé! Ọmọ mi da ṣíbí méjì péré. Ìfófó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó kún gbogbo ilẹ̀ ilé ìdáná, a sì ń gbọ́n ọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọṣẹ oníhóró tàbí ẹlẹ́bu tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni. Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni mo ti máa ń ra tèmi, mo máa ń kó èyí tó máa tó oṣù mẹ́ta.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì · Ọjọ́ Ajé, 8:27 alẹ́

Màmá Ìbejì, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín. Ṣé nǹkan funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kálísíọ́mù àti magnésíọ̀mù ló wà nínú omi bọ́hólù yín. Orí òkúta ni ìlú wa jókòó lé, omi tó pẹ́ nínú òkúta máa ń bu nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àwọn ni wọ́n ń pè é ní omi tí kì í hó ọṣẹ.

Ẹ dán an wò dáadáa. Ẹ wá igo méjì tó dọ́gba. Ẹ bu omi òjò sínú ọ̀kan, omi bọ́hólù sínú èkejì, ẹ gé ọṣẹ dúdú bí ẹyọ ẹ̀wà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mì wọ́n. Ọṣẹ dúdú ni kí ẹ lò, torí ọṣẹ ẹlẹ́bu òde òní máa ń hó nínú omi èyíkéyìí, kò ní í sọ òótọ́ fún yín. Bí ti bọ́hólù bá kàn dàrú bí omi ògì tí kò hó, omi yín le.

Omi líle yìí, bó bá gbóná nínú ẹ̀rọ, ẹfun yẹn á lẹ̀ mọ́ irin ìmúgbóná, á dí ojú ihò wínníwínní tí omi ń gbà fọ́n jáde, ife yín á sì máa rí bí ẹni pé wọ́n fi ìyẹ̀fun ra á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù fi ní ihò iyọ̀ ní ìsàlẹ̀. Iyọ̀ kọ́ ló ń fọ abọ́. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba kálísíọ́mù lọ́wọ́ omi. Bó bá yó tán, iyọ̀ ló ń bá a ṣan án nù kó lè tún gba òmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn ti orí tábìlì kò ní ihò iyọ̀ yìí. Mo fẹ́ kí Ọmọ Aláàfin wo tirẹ̀.

Ọmọ Aláàfin · Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́

Mo wò ó, kò ní in. Mo sì rò pé àwọn ife ló ti gbó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń funfun bẹ́ẹ̀.

Ọláìtán · Ọjọ́ Ajé, 8:58 alẹ́

Tèmi ní ihò iyọ̀. Iyọ̀ ìsebẹ̀ ni mò ń dà sí i.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kúnná jù, á dì pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì ti po àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn kó má baà dì nínú ọ̀rá. Èyí tó ní hóró ńláńlá, tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ ìfọbọ́ sí lára, ni kí ẹ rà. Ní ti àmàlà, inú ọṣẹ oníhóró ni èròjà tó ń gé sítáàṣì wẹ́wẹ́ wà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló sì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Màmá Ìbejì, ẹ má fi ọwọ́ tútù mú ọṣẹ yẹn o. Ó le ju ọṣẹ ọwọ́ lọ, ọwọ́ yín kò lè gbà á.

Ìyá Olóńjẹ Àkẹ̀sán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Ọ̀yọ́, ọmọ mi tó wà ní òkè òkun fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí mi sílé. Kò sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè ìkòkò àmàlà. Rárá ni ìdáhùn mi. Àwo àmàlà, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá kó o sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, tàbí tí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìgbà díẹ̀. Ìkòkò tí a fi rò ó, èèpá rẹ̀ máa ń le bí awọ gángan. Ẹ rẹ ẹ́, kí ẹnìkan fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

Ìkòkò alumíníọ̀mù pàápàá, ẹ má kó o sí i. Mo kó méjì tí mo fẹ́ràn jù sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n funfun nini nígbà tí wọ́n wọlé, nígbà tí wọ́n jáde wọ́n dúdú bí ẹni tí eérú kùn, ó sì ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Títí di òní wọn kò padà. Ọmọorogùn, igbá, ìjábẹ̀ àti ọ̀bẹ onígi, ìta ni gbogbo wọn á wà. Abọ́ rọ́bà tí a fi bu ọbẹ̀ ata, pípọ́n rẹ̀ kì í lọ. Àwo tánńganran, ife, ṣíbí àti ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n fọ̀.

Epo pupa nìkan ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Èyí tí wọ́n ń pè ní ìfọ̀ kíákíá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, epo á kàn sún láti ara àwo kan sí òmíràn ni. Láti ìgbà tí mo ti ń lo èyí tó gbóná dé 65°C, kò sí wàhálà mọ́. Ẹ sì máa yọ asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tèmi kò fa omi ìdọ̀tí dànù. Mo yọ asẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, eegun ẹja ṣàwá kan ló dúró gbọnran nínú ihò, ẹ̀gúsí sì ti dì yí i ká. Mo fi ìka méjì yọ ọ́, omi gbá lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọjà Tòkunbọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:19 àárọ̀

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ wo bébà kékeré tó wà létí rẹ̀. 220–240V, 50Hz ni kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 120V, 60Hz, Amẹ́ríkà ló ti wá, á jóná. Ẹ fi ọwọ́ ra rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yí ká. Kí wọ́n tàn án fún yín pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, kí ó fa omi, kó gbóná, kó tu ú dànù. Èyí tó ti gbẹ nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan, rọ́bà inú pọ́ǹpù rẹ̀ lè ti le, á máa jò. Èmi tí mò ń tà á ni mo ń sọ fún yín.

Màmá Ìbejì · Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Korobá lítà 10 gba ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Kẹ́tùlù wa funfun nísàlẹ̀. Omi òjò hó títí dé ẹnu igo, ti bọ́hólù dàrú bí ògì gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe wí.

Ohun tí a pinnu rè é. A kò ra ti orí tábìlì mọ́, nítorí kò ní ihò iyọ̀, a sì pọ̀ jù fún un. A kò ra ńlá náà, torí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì wa kò ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Ọkọ mi rí èyí tó fẹ̀ ní 45, ó ń gba abọ́ ènìyàn 10, ó ní ihò iyọ̀, bar 0.3 ló sì ń béèrè. Tuntun la máa rà. Ìkòkò di ti àbúrò mi àti àwọn ọmọ, Bàbá Alákọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín wọlé níbẹ̀. Táǹkì la máa kọ́kọ́ gbé sókè, ìyá ọkọ mi sì ti ń dùn sí i torí omi balùwẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ti bá onírin sọ̀rọ̀ fún ọ̀la.

Pọ́lọ́mbà Sábó · Ọjọ́bọ̀, 7:18 alẹ́

Mà, ẹ ní kí onírin dúró ná. Táǹkì lítà 1,000 tó bá kún, tọ́ọ̀nù kan ló wúwo, irin ẹsẹ̀ bàtà 20 kò sì gbọdọ̀ dúró lórí búlọ́ọ̀kù lásán. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Sátidé ni mò ń bọ̀ wá wò ó. Kí ẹ ti lo omi inú táǹkì náà tán kí n tó dé.